Ohun Tí Ó Jọ Wọ́n Lójú: Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Ọkùnrin àti Akẹ́kọ̀ọ́ Obìnrin ní Yunifásítì Ilẹ̀ Túrkì

  

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan ilé olúkúlùkù wa ni. Mo ti gbọ́ ọ léraléra níbi wáàsí, àwọn àáfà ẹlẹgbẹ́ mi ló sì ń sọ ọ́, pé ọmọbìnrin tí ó bá lọ sí yunifásítì, ohun tí ó jọ ọ́ lójú tẹ́lẹ̀ kò ní jọ ọ́ lójú mọ́. Wọ́n ní ẹ̀sìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ọkọ á sú u. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á nàka sí ilẹ̀ Túrkì: ẹ ò rí bí wọ́n ṣe dà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ olórí Mùsùlùmí ayé rí! Nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, bàbá mìíràn dá ọmọbìnrin rẹ̀ dúró nígbà tó parí sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ta ilẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè lọ. Mo mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pinnu ọjọ́ iwájú ọmọ, ó tọ́ kí á wádìí rẹ̀ délé. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń ka ìtàn ilẹ̀ Túrkì, mi ò sì tíì dẹ́kun.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Ní 1894, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sálásí Muhammad Shitta ní Èkó, Sultan Abdülhamid Kejì ni ó rán Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì ará Liverpool tó gba Ìsìláàmù, wá síbi ayẹyẹ náà. Oyè Bey tí Sultan fi dá Shitta lọ́lá ni a fi ń pe mọ́sálásí náà di òní. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ Túrkì, ọ̀rọ̀ ẹni tí a jọ ti ń kí ara wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé Mustafa Kemal Atatürk ló kọ́kọ́ mú obìnrin wọ yunifásítì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Nígbà tí Sultan ṣì wà lórí oyè, tí ipò Kálífà ṣì wà ní Istanbul, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1870 ni wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́, Dârülmuallimât, ilé àwọn olùkọ́bìnrin ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀ kò nílò ògbufọ̀. Ní 1892 ni Fatma Aliye, ọmọ Ahmed Cevdet Paşa tó jẹ́ ọ̀gbẹ́ni amòfin Ìsìláàmù ńlá, kọ ìwé lórí àwọn obìnrin Mùsùlùmí láti fi dá àwọn aláwọ̀ funfun tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn. Inú ilé àáfà ni obìnrin yìí ti jáde. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé yunifásítì ló bà á jẹ́, torí kò tilẹ̀ sí yunifásítì tí ó gba obìnrin nígbà náà.

Yunifásítì wọn ń jẹ́ Dârülfünun. Ní oṣù kejì ọdún 1914, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn obìnrin níbẹ̀, ní wákàtí tí kò sí ọkùnrin. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n dá yunifásítì tí ó jẹ́ ti obìnrin nìkan sílẹ̀, İnas Darülfünunu. Lítíréṣọ̀, ìṣirò àti ìmọ̀ ohun tí Ọlọ́hun dá sáyé ni ẹ̀ka mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí ọdún yẹn. Ọdún tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ni. Àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, ọ̀pọ̀ ò padà, iṣẹ́ ọ́fíìsì, iṣẹ́ ilé-ìwòsàn àti ti ilé-ìwé sì bọ́ sọ́wọ́ obìnrin. Ní 1917 ni àwọn tó kọ́kọ́ jáde gba ìwé ẹ̀rí wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e ló máa ń dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà rí i pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún àwọn lọ́tọ̀ kò tó ti àwọn ọkùnrin. Wọn ò ju òkò, wọn ò dáná sun ilé. Wọ́n kàn pa kíláàsì tiwọn tì, wọ́n lọ jókòó sí kíláàsì àwọn ọkùnrin, tí wọ́n wà nínú aṣọ ìbora wọn dúdú tí wọ́n ń pè ní çarşaf. Ní 1921 ni àwọn aláṣẹ gbà fún wọn. Ní ọdún náà ni Süreyya Ağaoğlu wọlé láti kọ́ ìmọ̀ òfin, òun ló sì di agbẹjọ́rò obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Túrkì. Ní 1922 ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn gba obìnrin. Orílẹ̀-èdè olómìnira tí Atatürk dá sílẹ̀ kò tíì wà. Oṣù kẹwàá 1923 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Mi ò fi èyí bo ohun tí Atatürk ṣe mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1924, ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa ipò Kálífà rẹ́ tí wọ́n sì fi òfin kó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sábẹ́ ìjọba, tí mọ́dírásà fi di títì. Ní 1926 wọ́n mú òfin ìdílé láti Switzerland. Ní 1928 wọ́n pa hárúfù Lárúbáwá tì. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ kéwú á mọ bí èyí ṣe rí lára mi. Ní 1933 wọ́n ti Dârülfünun pa, wọ́n sì ṣí Yunifásítì Istanbul dípò rẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó sá fún Hitler ní Jámánì ti wá kọ́ni. Ní 1934 obìnrin gba ẹ̀tọ́ láti dìbò yan àwọn aṣòfin, kí wọ́n sì yan òun náà. Ṣùgbọ́n ní 1935, nígbà tí wọ́n ka ènìyàn, nínú 100 ọkùnrin nǹkan bí 29 ló mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nínú 100 obìnrin, wọn ò pé 10. Àwọn ọmọbìnrin yunifásítì tí wọ́n ń yà ní fọ́tò kiri, ọmọ ọ̀gá ìjọba, ọmọ sójà àti ọmọ oníṣòwò ìlú ńlá ni púpọ̀ nínú wọn. Ìjọba fẹ́ kí ayé wò wọ́n, kí ayé sọ pé Túrkì ti lajú. Láti ìgbà náà ni aṣọ tó wà lára ọmọbìnrin ti di àmì tí gbogbo ènìyàn fi ń mọ ibi tí ìlú ń lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, ìwọ gan-an, kí ló jọ ọ́ lójú?

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí àwọn kan nínú wa rò pé àbá lásán ni. Ohun tí Lárúbáwá ń pè ní qiyam, àwọn Túrkì ń pè é ní değer. Nínú èdè méjèèjì, ọ̀rọ̀ iye ọjà ló wà nídìí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé nǹkan kan jẹ́ iyebíye. Tí ó bá di pé kí o yan ọ̀kan, èwo lo máa san owó rẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì kan, Eduard Spranger, ló pín ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́fà: ẹni tí ìmọ̀ jọ lójú, ẹni tí owó jọ lójú, ẹni tí ẹwà, ẹni tí ìfẹ́ ọmọlàkejì, ẹni tí agbára, ẹni tí ẹ̀sìn. Ní 1931, Gordon Allport àti Philip Vernon sọ ọ́ di ìbéèrè orí ìwé ní Amẹ́ríkà. Láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, àwọn ọkùnrin gbé ìmọ̀, owó àti agbára ga, àwọn obìnrin gbé ẹwà, ìfẹ́ ọmọlàkejì àti ẹ̀sìn ga. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ti di òwe lẹ́nu àwọn ènìyàn ti jáde. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n bi. Ṣé ìwọ̀n tí wọ́n gé fún ọmọ Boston ló máa bá ọmọ Konya mu?

Ní Túrkì, Erol Güngör ló mú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀kúnkúndùn. Ó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, ó sì gbọ́ èdè àwọn baba rẹ̀ àtijọ́. Òun ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Selçuk ní Konya nígbà tí ó kú ní 1983, kò tíì pé ọmọ ọdún 45. Ó mú ọ̀nà mẹ́fà yẹn, ó fi ìkeje kún un: ahlâk. Akhlāq tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé-kéwú náà ni. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀, tí kò bi wọ́n nípa ìwà ọmọlúàbí, kò tíì bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Lẹ́yìn náà ni ti Milton Rokeach dé, ní 1973: ohun 18 tí ènìyàn lè máa lépa, bí àlàáfíà ayé, òmìnira, ààbò ẹbí, ìgbàlà, pẹ̀lú ìwà 18 tí ó lè hù, bí òtítọ́, ìgbọràn, ìmọ́tótó. Akẹ́kọ̀ọ́ á tò wọ́n láti orí ìkíní dé ìkejìdínlógún. Ní 1992, Shalom Schwartz kó gbogbo rẹ̀ jọ sí mẹ́wàá: agbára, àṣeyọrí, ìgbádùn, ohun tuntun tó ń múni lórí yá, òmìnira láti ronú fúnra ẹni, àánú sí gbogbo ẹ̀dá, oore sí ẹni tó súnmọ́ ni, àṣà àti ẹ̀sìn, ìgbọràn, àti ààbò. Ìwọ̀n yìí ni Ersin Kuşdil àti Çiğdem Kağıtçıbaşı gbé lé àwọn olùkọ́ Túrkì ní 2000, àwọn mìíràn sì gbé e lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Kí wá ni wọ́n rí? Ní 2005, Schwartz àti Tammy Rubel kó èsì láti orílẹ̀-èdè 70 jọ. Ọkùnrin fi díẹ̀ ju obìnrin lọ nínú ọ̀rọ̀ agbára, àṣeyọrí, ìgbádùn, ohun tuntun àti òmìnira ara ẹni. Obìnrin fi díẹ̀ jù nínú àánú sí gbogbo ẹ̀dá àti oore sí ẹni tó súnmọ́ ni. Nínú àṣà àti ẹ̀sìn ńkọ́? Nínú ìgbọràn ńkọ́? Wọn ò rí ìyàtọ̀ tó dúró ṣinṣin. Mo tún ìwé náà kà lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí gbogbo ariwo orí mínbárì wa wà gan-an ni ìyàtọ̀ kò sí.

Ẹ má gbójú fo ọ̀rọ̀ “díẹ̀” yẹn o. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin ni àánú ẹ̀dá jọ lójú ju bó ṣe jọ ọ̀pọ̀ obìnrin lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ló sì ń wá ipò ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Tí ẹ bá kó ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún fún mi tí ẹ sì bo orúkọ wọn, mi ò lè fi í mọ èwo ni Ahmet, èwo ni Ayşe. Ọjọ́ orí ló ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ ju pé ó jẹ́ akọ tàbí abo lọ, ìlú tí wọ́n bí i sí sì ń yà á sọ́tọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní Ankara (olú ìlú wọn ni mo ń wí, kì í ṣe aṣọ), Olcay İmamoğlu àti Zahide Karakitapoğlu-Aygün fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wéra pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn àgbàlagbà ló fi àṣà àti ẹ̀sìn síwájú ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹ wá wò ó: tí ẹ bá ní yunifásítì ń mú ẹ̀sìn fúyẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, àtọkùnrin àtobìnrin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Kí ló dé tí obìnrin nìkan fi ń jókòó sílé?

Nǹkan kan tún wà tí kò rọrùn fún àwọn olójú òyìnbó náà. Wọ́n ti rò pé bí ẹ̀tọ́ obìnrin bá ṣe ń bá ti ọkùnrin dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó jọ wọ́n lójú á máa jọra. Ní 2009, Schwartz àti Rubel-Lifschitz rí òdìkejì rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí ẹ̀tọ́ ti dọ́gba jù ni ìyàtọ̀ náà ti fẹjú jù. Èmi ò rí ìṣòro níbẹ̀. Ẹni tí ebi kò pa, tí a kò sì há mọ́, ló ń ráyè yan ohun tó wù ú.

Àmọ́ ohun tó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí kò sí nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn. Ohun tí wọn ò lè rí ni. Ẹ jẹ́ kí á padà sínú ìtàn.

Ní 1949 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ṣí ní Yunifásítì Ankara. Ní 1968 wọ́n lé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Hatice Babacan, kúrò níbẹ̀ nítorí pé ó bo orí wá sí kíláàsì. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn o! Lẹ́yìn tí àwọn sójà gba ìjọba ní oṣù kẹsàn-án 1980, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo yunifásítì, YÖK, fi òfin de ìbòrí ní 1982. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n tún fà á le, ilé-ẹjọ́ dá a, àwọn aṣòfin tún un ṣe. Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gágun fúngun mọ́ ìjọba ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 1997, ó wá di pé kò sí ọ̀nà mọ́. Ní oṣù kejì 1998, Yunifásítì Istanbul kọ ìwé àṣẹ jáde: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bo orí àti akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dá irùngbọ̀n sí kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì, kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò.

Òfin kan náà ni, lójú ẹni tó bá kàn kà á. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń bẹ̀rù Ọlọ́hun fá irùngbọ̀n rẹ̀ láàárọ̀, ó wọlé, ó jókòó, ó di dókítà. Irùngbọ̀n á tún hù. Obìnrin tó gbà pé ọ̀ranyàn ni ìbòrí kò rí ibi gbé e sí. Àwọn kan fi wíìgì bo irun wọn kí wọ́n lè ráyè wọlé, àwọn kan dé fìlà. Wọ́n mú àwọn kan wọ yàrá tí wọ́n ti ń yí wọn lọ́kàn padà, ikna odaları ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó lówó lọ sókè òkun. Àwọn tí kò ní, wọ́n padà sílé. Leyla Şahin ti wà ní ọdún karùn-ún ìmọ̀ ìṣègùn nígbà tí wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà ìdánwò ní oṣù kẹta 1998. Ó lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Vienna, ó sì gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù. Ní oṣù kọkànlá 2005, adájọ́ 16 nínú 17 dá ìjọba Túrkì láre. Ẹni kan ṣoṣo tó yapa, obìnrin ni, Françoise Tulkens ará Bẹ́ljíọ̀mù, kì í sì í ṣe pé ó jẹ́ Mùsùlùmí.

Ó tó nǹkan bí ọdún méjìlá tí ọ̀rọ̀ wà báyìí, títí di 2010 tí YÖK fi jẹ́ kí wọ́n wọlé. Àwọn aṣòfin ti gbìyànjú ní 2008, ilé-ẹjọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wọ́gi lé e ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ní 2013 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà tó rí ààyè bo orí.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá tún èsì àwọn onímọ̀ náà wò. Láàrin 1998 sí 2010, tí olùwádìí bá wọ kíláàsì kan ní Istanbul tí ó sì pín ìwé ìbéèrè, ọkùnrin onísìn àti ọkùnrin tí ẹ̀sìn kò kàn ló máa bá níbẹ̀. Lápá obìnrin, ẹni tí kì í bo orí, tàbí ẹni tó ṣí i sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ló máa bá. Ẹni tí ẹ̀sìn jọ lójú débi pé ó fi ìwé ẹ̀rí dókítà sílẹ̀ nítorí rẹ̀ kò sí lórí ìjókòó. Olùwádìí á wá kọ ọ́ pé báyìí ni ọkàn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Túrkì rí sí ẹ̀sìn, báyìí ni ti ọkùnrin. Olùwádìí náà kò purọ́. Géètì ló ti yan àwọn tó máa dáhùn kí òun tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àáfà tó ń fi ọmọbìnrin yunifásítì Túrkì ṣe àpẹẹrẹ ìwà tó bàjẹ́ ń wo àwọn tí wọ́n jẹ́ kó wọlé nìkan. Tí àwa náà bá sì lọ ń dá ọmọbìnrin onísìn dúró sílé, tí a wá ń sọ pé àwọn tó wà ní yunifásítì kò ní ẹ̀sìn, ta ló kó àwọn ẹlẹ́sìn kúrò níbẹ̀?

Mi ò sọ pé apá kan nìkan ló jìyà. Obìnrin wà ní Túrkì tí bàbá rẹ̀ fipá bo orí rẹ̀, ó wà tí wọn ò jẹ́ kó lọ sílé-ìwé rárá. Títí di àkókò yìí, àwọn obìnrin tó nípa nínú iṣẹ́ owó oṣù àti òwò kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tó nǹkan bí ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí wọ́n sì lé ní 40 nínú 100 láàrin àwọn olùkọ́ yunifásítì. Kí ọmọ kàwé tán kí ó wá jókòó, ìṣòro tó yàtọ̀ nìyẹn.

Nǹkan ń yí padà nínú ilé wọn náà. Çiğdem Kağıtçıbaşı, tí ó kú ní 2017, bi àwọn òbí ní 1975 pé tó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lẹ máa bí, èwo lẹ fẹ́? Èyí tó pọ̀ jù lọ dáhùn pé ọkùnrin. Nígbà tí òun àti Bilge Ataca tún bèèrè ní 2003, àwọn tó fẹ́ obìnrin ló pọ̀ jù. Àlàyé wọn ni pé ayé àtijọ́ tí ọmọkùnrin ń bá bàbá ro oko, tí ó sì ń bọ́ ọ lọ́jọ́ ogbó, ti ń lọ. Àwọn òbí ń wá ọmọ tí yóò súnmọ́ wọn. Lónìí sì rèé, obìnrin ló pọ̀ jù láàrin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní yunifásítì Túrkì, ẹ̀ka tí wọ́n ti lé Hatice Babacan jáde ní 1968.

Ní 2011 ni òfin kan jáde tó jẹ́ kí àwọn tí wọ́n ti yọ orúkọ wọn padà sí kíláàsì. Àwọn obìnrin padà wá lẹ́ni ọdún 30 lé, àwọn mìíràn ti bímọ, wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ ọdún 18. Olùwádìí tó bá pín ìwé ìbéèrè ní kíláàsì bẹ́ẹ̀, àpótí kan náà ni ìyá àti ẹni tó tó ọmọ rẹ̀ máa sàmì sí: obìnrin.